Chico Mendes, ọmọ àtìpó tó kú nítorí igbó

  Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti ń jẹ, tí a ti ń mu, tí a sì ti bímọ sí, ilé ló ti dà fún wa.

Ìtàn àwọn akọni ilẹ̀ Yorùbá la sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, òun kọ́ sì ni ọba tàbí ọlọ́rọ̀. Igi rọ́bà ló ń dá, bí àwọn ẹlẹ́mu wa ṣe ń dá ẹmu. Orílẹ̀-èdè Bràsílì ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti pa á ní 1988. Francisco Alves Mendes Filho ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n Chico Mendes ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ àtìpó ni bí àwa náà. Ìkejì ni pé igi tó ń dá, àwa pẹ̀lú ń rí i lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti gba àwọn ọ̀nà oko tó yí ìlú Bìní ká kọjá yóò ti rí oko rọ́bà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí wọ́n so ife mọ́ ara igi. Ní Iyanomo níbí ni ilé iṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ti ìjọba àpapọ̀ wà. Igbó Amazon, níbi tí wọ́n bí Chico Mendes sí, ni ìran igi náà ti wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rìn. Láyé àtijọ́, kò sí ibòmíràn tí igi rọ́bà yìí wà bí kò ṣe igbó Amazon. Nígbà tí ọ̀rọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ àti ti ọkọ̀ dé, owó rọ́bà lọ sókè fíofío, àwọn olówó ibẹ̀ sì kọ́ ààfin àti ilé eré sí àárín igbó. Ṣùgbọ́n ní 1876, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Henry Wickham kó bí 70,000 irúgbìn rọ́bà kúrò ní Bràsílì lọ sí ọgbà Kew ní London. Nǹkan bí 2,700 péré ló hù nínú wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn tó. Àwọn ìjọba amúnisìn kó o lọ sí Éṣíà, wọ́n fi ṣe oko ńláńlá, láti Kew yẹn náà ni ìran rẹ̀ sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1912, rọ́bà Éṣíà ti pọ̀, ó sì ti dínwó, ọjà Amazon sì dà rú. Àwọn olówó kó ẹrù wọn lọ. Àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó.

Irú àwọn mẹ̀kúnnù bẹ́ẹ̀ ló bí Chico Mendes. Ará Ceará ni ìran rẹ̀, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsílì níbi tí ọ̀dá ti máa ń mú gan-an. Ebi àti ọ̀dá ló lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ibẹ̀ jáde lọ sí Acre, ìpínlẹ̀ kan ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn tó bá Bòlífíà àti Pérù pààlà. Nígbà tí Jàpáánù gba àwọn oko rọ́bà Éṣíà nínú ogun àgbáyé kejì, Amẹ́ríkà tún nílò rọ́bà Amazon, ìjọba Bràsílì sì kó bí 55,000 èèyàn mìíràn wá, tí wọ́n sọ wọ́n ní ọmọ ogun rọ́bà. Wọ́n ṣe ìlérí fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, wọ́n gbàgbé wọn sínú igbó. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1944, nígbà tí ogun yẹn kò tíì parí, ni wọ́n bí Chico nínú igbó tó wà lẹ́bàá ìlú Xapuri ní Acre.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí iṣẹ́. Iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ti oko rọ́bà tí a mọ̀ níhìn-ín, níbi tí igi ti tò bí ọmọ ilé ìwé tó dúró lórí ìlà. Ní Amazon, igi rọ́bà fọ́n ká sáàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú igi mìíràn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń là láti ara igi kan dé èkejì, ọ̀nà kan á gba igi bí 100 sí 200 kọjá, a sì tún yí wá sílé. Ìdílé kan lè ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde pẹ̀lú àtùpà lórí, wọ́n á fi ọ̀bẹ há èèpo igi, wọ́n á gbé ife sí i. Wọ́n á tún yí ọ̀nà yẹn kan náà lẹ́ẹ̀kejì láti kó oje jọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó ti iná, wọ́n á máa da oje náà sórí igi nínú èéfín títí yóò fi di òkìtì rọ́bà. Èéfín yẹn ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́.

A lè rò pé kí ló dé tí wọn kò fi gé igbó náà kí wọ́n gbin rọ́bà tó tò dáadáa. Wọ́n ti dán an wò rí. Henry Ford, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe mọ́tò, dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní Amazon láti 1928, ó sì sọ ibẹ̀ ní Fordlândia. Olú kan wà ní ilẹ̀ Amazon tó máa ń jẹ ewé igi rọ́bà. Bí igi bá fara kan igi, àìsàn náà á ràn bí iná inú ọ̀dàn. Oko Ford kú, ó sì dá ilẹ̀ náà padà fún Bràsílì ní 1945. Ṣùgbọ́n nínú igbó, tí igi mìíràn pọ̀ láàárín rọ́bà kan sí èkejì, àìsàn kì í rí ọ̀nà gbà ràn. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àwọn àgbà wa ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní Amazon, bó ṣe rí gan-an nìyẹn: àwọn igi yòókù ló ń dáàbò bo rọ́bà.

Bákan náà ni ti castanha, èso tí àwọn tó ń dá rọ́bà máa ń ṣa ní àsìkò òjò. Igi náà ga fíofío, ó sì nílò oyin ńlá tó lágbára láti ṣí òdòdó rẹ̀ kí ó tó lè so. Nígbà tí èso rẹ̀ bá já bọ́, ó le bí òkúta. Ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní cutia, tó fara jọ ọ̀yà wa, ló máa ń fi eyín fọ́ ọ. Á jẹ díẹ̀, á bo ìyókù mọ́lẹ̀, èyí tó bá gbàgbé ló ń hù di igi tuntun. Òfin Bràsílì kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gé igi castanha, àwọn olówó màlúù á sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan láàárín pápá koríko. Á dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n bóyá ni yóò so, nítorí pé igbó tí oyin ń gbé ti lọ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ìwádìí lórí nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n irú àwọn bàbá Chico ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀ láìka ìwé kankan.

Ìyà tó wà nínú ayé wọn ni gbèsè. Ẹni tó ni agbègbè náà ló ń ra rọ́bà, òun náà ló ń ta iyọ̀, oúnjẹ, ọ̀bẹ àti ọta ìbọn fún wọn. Iye tó bá wù ú ló ń pè é. Òun ló ń wọn rọ́bà, òun ló sì ń kọ ìwé. Bí ọdún bá parí, òṣìṣẹ́ á ti jẹ gbèsè ju èyí tó jẹ lọ́dún tó kọjá. Kò sì sí ilé ìwé kankan níbẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìṣirò. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀, ọkàn wa lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá wa. Bàbá wa kò mọ̀wé. A wà lọ́mọdé nígbà tí oníṣòwò kan tó máa ń ra èso oko lọ́wọ́ wọn gbé ìwé wá, tó ní kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé gbèsè ni wọ́n tẹ̀ka gbà sọ́rùn. Wọ́n san án títí wọ́n fi rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi tipátipá rán wa lọ sílé ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́wàá ni agbára wọn mọ.

Chico kò rí ilé ìwé lọ ní tirẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún kí ó tó mọ ìwé kà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Euclides Fernandes Távora ló kọ́ ọ. Ológun ni Távora nígbà kan rí, ó bá àwọn tó dìtẹ̀ sí ìjọba kópa, ó sì sá pamọ́ sínú igbó Acre. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Lálẹ́, wọ́n á ṣí rédíò, wọ́n á gbọ́ ìròyìn lédè Potogí láti London, láti Mọ́síkò àti láti Amẹ́ríkà, Távora á sì jẹ́ kó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń yí padà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ó kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò dé Acre, pé kí ó má fi ara rẹ̀ sẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ náà dé. Ní 1964 ni àwọn ológun gba ìjọba Bràsílì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń pe àwọn olówó láti gúúsù pé kí wọ́n wá ra ilẹ̀ ní Amazon fún màlúù sísìn. Àwọn ọ̀gá rọ́bà tí ọjà ti kú mọ́ lọ́wọ́ ta ilẹ̀ tòun tèèyàn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn olówó màlúù dé pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, iná àti àwọn oníbọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé ibẹ̀ ni wọ́n ní kó kó ẹrù. Wọ́n sun ilé ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ sá wọ Bòlífíà, àwọn mìíràn lọ kún ẹ̀yìn ìlú Rio Branco, níbi tí wọn kò ti mọ iṣẹ́ kankan í ṣe.

Ní 1975 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko sílẹ̀ ní ìlú Brasiléia, Chico sì di akọ̀wé rẹ̀. Wilson Pinheiro di ààrẹ ibẹ̀. Ní 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní empate. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé, tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ gé igbó, ọgọ́rùn-ún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á péjọ, wọ́n á rìn lọ síbẹ̀, wọ́n á dúró síwájú àwọn agégi. Nígbà mìíràn, obìnrin àti ọmọdé ló ń wà níwájú, wọ́n á sì máa kọ orin orílẹ̀-èdè wọn, nítorí ta ni yóò yìnbọn sí ọmọdé tó ń kọ orin orílẹ̀-èdè? Wọ́n á bá àwọn agégi sọ̀rọ̀ pé mẹ̀kúnnù bíi tiwọn ni àwọn náà, wọ́n á ní kí wọ́n kó ayùn wọn kí wọ́n máa lọ. Wọn kì í lu ẹnikẹ́ni. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Chico fúnra rẹ̀, nǹkan bí 45 empate ni wọ́n ṣe, wọ́n borí nínú 15, àwọn 30 yòókù sì já sí òfo. Ṣùgbọ́n igbó tí 15 yẹn gbà là ju mílíọ̀nù kan hẹ́kítà lọ.

Wọ́n san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 1980, wọ́n yìnbọn pa Wilson Pinheiro nínú ilé ẹgbẹ́ ní Brasiléia. Chico, tó ti di káńsẹ́lọ̀ ní Xapuri láti 1977, ni ojú wá ń wò. Ìjọba ológun gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ológun ní Manaus, òun àti Lula tó di ààrẹ Bràsílì ní 2003, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi àpéjọ lẹ́yìn ikú Pinheiro. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ó du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1982, kò wọlé. Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ilé pákó kékeré ló ń gbé.

Ohun tó mú kó yàtọ̀ ni pé kò dúró sórí ìjà nìkan. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń dí ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ibi tó fẹ́ kí ọ̀nà gbà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ wọn àti àwọn ọ̀mọ̀wé bí obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Allegretti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìwé sínú igbó, wọ́n fi rọ́bà àti òṣùwọ̀n kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé àti ìṣirò. Wọ́n sì dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè ta ọjà wọn láìgba ọwọ́ ọ̀gá kankan.

Ní oṣù Kẹwàá 1985, àwọn tó ń dá rọ́bà tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún wọ ọkọ̀ láti inú igbó lọ sí Brasília, olú-ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìlú ńlá rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ náà ni èrò ńlá kan ti jáde. Wọn kò béèrè pé kí ìjọba pín ilẹ̀ fún kálukú kó fi ọgbà yí i ká, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà rọ́bà kì í gún, àti pé ẹni tí ebi bá pa yóò ta tirẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba mú igbó náà ní tìjọba, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á, kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti máa jẹ nínú rẹ̀ láti ìran dé ìran, lábẹ́ òfin tí àwọn fúnra wọn bá fọwọ́ sí. Ṣebí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa? Ilẹ̀ ẹbí ni. Àwọn bàbá ńlá wa kò mọ ilẹ̀ tí ẹnì kan ń tà, wọ́n mọ ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí ń jẹ.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nìyí, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn tó ń dá rọ́bà kọ́ ló kọ́kọ́ ni igbó náà. Onílẹ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, àwọn ẹ̀yà bí Kaxinawá àti Ashaninka. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀gá rọ́bà máa ń kó àwọn oníbọn jọ láti lọ lé wọn tàbí pa wọ́n. Ọ̀tá ni àtìpó àti onílẹ̀ ń bára wọn ṣe, fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Chico àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó pé ọwọ́ kan náà ló ń lé àwọn méjèèjì, wọ́n wá lọ bá àwọn onílẹ̀ láti bá wọn ṣọ̀kan. Kò rọrùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ailton Krenak wà lára àwọn aṣíwájú onílẹ̀ tó gbà á. Èrò igbó àjọjẹ yẹn gan-an, lára ilẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ti wo àwòkọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1989 ni wọ́n kéde ìṣọ̀kan àwọn ará inú igbó ní gbangba ní Rio Branco, ṣùgbọ́n Chico kò sí láyé mọ́ láti rí i.

Kí ó tó kú, orúkọ rẹ̀ ti kan òkè òkun. Báńkì kan tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lówó ń fún Bràsílì lówó láti da ọ̀dà sí ọ̀nà tó lọ láti Porto Velho sí Rio Branco. Chico mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà bá gbà nínú igbó ni ayùn ń gbà wọlé. Ní 1987, ó bá wọn lọ sí ìpàdé báńkì náà ní Miami, ó sì lọ bá àwọn aṣòfin ní Washington, ọkùnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba aṣọ díẹ̀ ló ní. Wọ́n dá owó náà dúró kí wọ́n lè ro ti igbó àti àwọn ará inú rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Global 500. Nílé, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń sọ pé ó ń ba ìdàgbàsókè jẹ́. A mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá béèrè pé ta ni yóò jẹ èrè ìdàgbàsókè, òun ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀tá ìdàgbàsókè.

Ní 1988, olówó màlúù kan tí ń jẹ́ Darly Alves da Silva sọ pé òun ti ra apá kan igbó Cachoeira, níbi tí Chico ti dàgbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì wà. Àwọn ará ibẹ̀ dí i lọ́nà, ìjọba sì gba ilẹ̀ náà fún wọn. Chico tún wádìí, ó rí i pé ilé ẹjọ́ ti ń wá Darly láti ìpínlẹ̀ Paraná nítorí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ó sì mú ìwé náà wá fún àwọn aláṣẹ. Láti ìgbà náà ló ti mọ̀ pé wọn yóò pa òun. Ó sọ fún àwọn ìwé ìròyìn, ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ. Wọ́n fún un ní ọlọ́pàá méjì.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1988, ó wà nílé rẹ̀ ní Xapuri pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ilzamar, àti àwọn ọmọ wọn kékeré méjì, Elenira àti Sandino. Àwọn ọlọ́pàá ń ta dómínò nínú ilé ìdáná. Chico mú aṣọ ìnura, ó ní òun fẹ́ lọ wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ìbọn dún. Ó padà wọlé, ó ṣubú, ó sì kú. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi lé ní ọmọ ọdún 44.

Àwọn apààyàn rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò lọ bí ti àwọn tó ṣáájú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ̀kúnnù oko ni wọ́n ti pa ní Bràsílì láìsí ẹni tó dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló gbọ́ ti èyí. Ní oṣù Kejìlá 1990, ilé ẹjọ́ dá Darly àti ọmọ rẹ̀, Darci, tó yin ìbọn náà, lẹ́bi, wọ́n fún kálukú ní ẹ̀wọ̀n ọdún 19. Wọ́n sá jáde ní 1993, wọ́n sì tún mú wọn ní 1996.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1990, ìjọba Bràsílì ya igbó àjọjẹ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ ní Alto Juruá ní Acre, ó lé ní 500,000 hẹ́kítà. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n ya èyí tó ń jẹ́ orúkọ Chico Mendes sọ́tọ̀ lẹ́bàá Xapuri, ó sún mọ́ mílíọ̀nù kan hẹ́kítà. Ní báyìí, irú igbó bẹ́ẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn ti ju 60 lọ, kì í sì í ṣe igbó nìkan, odò àti etí òkun wà níbẹ̀ fún àwọn apẹja. Ní 2007, nígbà tí wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó onírúurú ohun ẹlẹ́mìí sílẹ̀ fún gbogbo Bràsílì, orúkọ Chico Mendes ni wọ́n fún un. Ẹni tí kò jókòó nínú kíláàsì rí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ìwádìí pàápàá yí padà. Ní Alto Juruá, àwọn ọ̀mọ̀wé bí Manuela Carneiro da Cunha àti Mauro Almeida bá àwọn tó ń dá rọ́bà àti àwọn onílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn ará igbó kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹranko, igi, ẹja, ẹyẹ àti àsìkò sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ìwé ńlá kan tó jáde ní 2002, Enciclopédia da Floresta. Tẹ́lẹ̀, ará igbó ni ẹni tó ń ru ẹrù olùwádìí. Nínú ìwé yẹn, òun náà ti di olùkọ́.

Marina Silva, ọmọbìnrin kan láti ìdílé tó ń dá rọ́bà ní Acre, tó ti tó ọmọ ọdún 16 kó tó mọ ìwé kà, tó sì bá Chico rìn nínú empate, di mínísítà fún àyíká ní 2003. Ó tún padà sí ipò náà ní 2023.

A kò ní tan yín jẹ pé gbogbo rẹ̀ ti dára tán. Owó rọ́bà inú igbó kéré. Nínú igbó àjọjẹ tó ń jẹ́ orúkọ Chico gan-an, àwọn ọmọ àwọn tó bá a jà ti ń sin màlúù, wọ́n sì ti gé igbó púpọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá ní kí mẹ̀kúnnù tọ́jú igbó fún gbogbo ayé, ayé gbọ́dọ̀ ra èso igbó náà ní iye tó lè bọ́ ọmọ rẹ̀. Chico mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta la rí kọ́. Ìkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìṣirò, ọkùnrin àti obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má tún tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà. Ẹ mú un wá sí ìpàdé, a ó bá yín kà á. Ìkejì, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àtìpó kọlu onílẹ̀. Àwọn onílé wa níhìn-ín gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ayùn bá wọ igbó, tiwọn àti tiwa ló ń gé. Ìkẹta, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nínú empate 45 tí Chico kà, 30 ló já sí òfo. Bí wọ́n bá ti dúró lẹ́yìn àkọ́kọ́ tó kùnà, kò bá ti sí igbó kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí ẹ bá tún gba ẹ̀bá oko rọ́bà kọjá, kí ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì sọ ìtàn yìí fún wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.